Ohun tí Mo Sọ nínú Yàrá àti Ohun tí Mo Sọ nídìí Ìrẹsì

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọgbọ̀n kọ́bọ̀ la fi ń jẹun ọ̀sán, ìrẹsì pẹ̀lú ẹran adìyẹ, ẹni tó ń bu oúnjẹ yóò sì tún bi ọ́ bóyá o fẹ́ ọsàn lé e. Lónìí, ní Jiddah tí mo ń gbé, ríyàlì mẹ́wàá ni búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ká ẹran sínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ nípa ọsàn. Bàbá Atoegun tó wà ní àdúgbò wa nígbà èwe mi, àkùkọ kan àti iṣu méjì ló ń gbà kí ó tó to apá tó kán. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ níbí, kí a tó fọwọ́ kan ọrùn ènìyàn, ọ̀ọ́dúnrún ríyàlì ti wọlé.

Mo máa ń rò ó pé bí Bàbá Atoegun bá jí lónìí, owó yẹn kọ́ ló máa yà á lẹ́nu jù. Ohun tó máa yà á lẹ́nu ni pé oníṣẹ́ eegun kan lè jókòó ka iṣẹ́ oníṣẹ́ eegun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sọ pé iṣẹ́ náà kò dára, kí òfin sì dúró gbagbaagba lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí ẹ̀ fìyà jẹ ẹ́.

Ó ya èmi náà lẹ́nu. Ìyanu ọ̀hún kò tíì kúrò lára mi.

Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi darúgbó ni iṣẹ́ àwọn tí òyìnbó ń pè ní kairopirákítọ̀. Ọwọ́ lásán la fi ń ṣe é. A ó wá ibi tí eegun ẹ̀yìn tàbí ti ọrùn ti dì, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó yí i díẹ̀, yóò dún kọ́, ara aláìsàn á sì tú. Bí a bá ṣe é dáadáa, ẹni tó fi ẹ̀yìn títẹ̀ wọlé á nàró jáde. Bí a bá ṣe é fún ẹni tí kò yẹ kí a ṣe é fún, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọrùn lè ya, ẹ̀gbà á sì mú un lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀.

Ẹni tó gbà mí sílé nígbà tí mo dé ilẹ̀ Sàúdí ni Àlàájì Mùdà. Ọmọ ìlú wa ni, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, iṣẹ́ kan náà la jọ kọ́, ó sì ti wà ní Mẹ́kà kí n tó dé. Oṣù méjì ni mo fi sùn sí pálọ̀ rẹ̀ ní Al-Aziziyah, níbi tí bọ́ọ̀sì àwọn onírìnàjò ti ń kọjá lábẹ́ fèrèsé láti Hárámù, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, lọ sí Mínà. Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Rafátù, máa ń se ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tó ń mú omi jáde lójú ẹni. Ó ní oúnjẹ àwọn ará ibí dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá ènìyàn jà.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n pe ìrun, ọlọ́jà paná, ó ti ilẹ̀kùn irin gbàgà, ó sì gba mọ́sálásí lọ láìmọ̀ pé mo wà lẹ́yìn àpò ìrẹsì. Nígbà tó padà, mo ti jẹ ìlàjì búrẹ́dì náà nínú òkùnkùn. Mùdà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ìwọ tó o jáde yunifásítì," ó ní, "o ò mọ̀ pé bí wọ́n bá pe ìrun, ẹsẹ̀ lèèyàn ń kọ́kọ́ gbé?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn."

"Wọn ò kọ́ ẹ. Àwa la máa kọ́ ẹ."

Lóòótọ́ ni wọ́n kọ́ mi. Òun ló bá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú tí èèyàn kò gbọdọ̀ gbàgbé sílé, ó sì bá mi kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé kàfíìlì, ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ gbà mí síṣẹ́, èèyàn kì í bá a jiyàn lójú àwọn ẹlòmíì. Bí mo bá sì kí ọmọ wọn obìnrin ní Yorùbá, á fi èdè Lárúbáwá dá mi lóhùn, Mùdà á wá wò mí bíi kí ó sọ pé, ṣó o rí ohun tí ìlú yìí ń ṣe fún wa.

Bí èèyàn bá pẹ́ nílẹ̀ àjèjì, ohun tó ń kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé kò pọ̀ mọ́. Èdè máa ń kù, ata máa ń kù, àti ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ orúkọ bàbá ẹni. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dá gbé ní Jiddah, mo sì máa ń wọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà ní ọjọ́ Jímọ̀ kìkì kí ẹnì kan lè pè mí ní àbúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá dé ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe.

Ó di ọdún kẹfà báyìí tí àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ wa kọ̀wé pè mí sínú ìgbìmọ̀ ayẹ̀wòṣẹ́. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Alága wa ni Dókítà Hanan, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Sàúdí tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé fún aláìsàn. Ẹnì kejì ni Samir, ará Íjíbítì, àgbàlagbà bíi tèmi. Iṣẹ́ wa ni kí a ka fáìlì àwọn aláìsàn tí nǹkan ṣe lẹ́yìn tí oníṣẹ́ eegun fọwọ́ kàn wọ́n, kí a sì sọ bóyá ẹ̀bi wà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Dókítà Hanan ka ìwé kan sí wa létí kí a tó fọwọ́ sí i.

"Ohunkóhun tí ẹ bá sọ nínú yàrá yìí lórí iṣẹ́ tí ẹ yẹ̀ wò, tí ẹ bá fi ọkàn òdodo sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò lè torí rẹ̀ pè yín lẹ́jọ́. Kàfíìlì yín kò lè torí rẹ̀ dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ohun kan ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ yín: kí ọ̀rọ̀ náà má jáde kúrò nínú yàrá yìí."

Mo ní kí ó jọ̀wọ́ tún un kà. Ó tún un kà.

"Bí ẹni tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ẹni ńlá ńkọ́?"

"Òfin kò béèrè bó ṣe tóbi tó."

Samir gbá mi léjìká. "Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń jókòó níbí, kò sẹ́ni tó gbé mi lọ síbì kankan. Tíì wọn nìkan ni kò dáa."

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tí ìyá wa bí, ilé wa nílùú ló sì ń gbé. 

"Ṣé pé wọ́n ní kó o máa wá ẹ̀bi àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ?" ó ní. "Ó dáa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ náà ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́ pé òfin ní kí wọ́n má bínú?"

Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé òun nìkan ló bi mí ní ìbéèrè tó yẹ.

Fáìlì kẹta tí wọ́n gbé síwájú wa ni ti obìnrin kan tó ń dáná fún àwọn onírìnàjò ní àdúgbò Jarwal ní Mẹ́kà. Orúkọ rẹ̀ ni Sìdíkátù. Orúkọ oníṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án ni wọ́n fi yíǹkì dúdú pa rẹ́, orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wá ṣe ùmúrà láti Nàìjíríà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, kò sì padà. Kò ní ìkámà. Ọrùn ń dùn ún látorí gbígbé ìkòkò, àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ sì dá owó jọ fún un kí ó lọ tọ́jú ara. Wọ́n yí ọrùn rẹ̀. Kí wọ́n tó gbọ́wọ́ kúrò, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Bí a bá rí ẹ̀bi, ilé ìwòsàn tó ṣe é ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Bí a kò bá rí ẹ̀bi, obìnrin tí kò níwèé, ọkọ̀ òfuurufú ni wọn yóò gbé e sí padà sí Nàìjíríà, ìdajì ara rẹ̀ láàyè, ìdajì ní òkú.

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo fáìlì náà. Ọrùn gan, ó yẹ kí a yí i, a yí i. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, ìlà kan wà tí kì í ṣe èdè òyìnbó. Dókítà Hanan tì í sọ́dọ̀ mi.

"A rò pé orúkọ oògùn ni. Lẹ́yìn náà a rò pé bóyá èdè ìlú yín ni. Ṣé ẹ lè kà á?"

Mo wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Ó ní òòyì ń kọ́ òun láti ìjẹta, òun sì ń rí nǹkan ní méjìméjì.

Gbogbo ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ wa mọ ohun tí ìlà yẹn wí. Ẹni tí òòyì ń kọ́, tó ń rí ohun kan bíi méjì, èèyàn kì í yí ọrùn rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé e dìde jẹ́jẹ́ ni, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Obìnrin náà ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Oníṣẹ́ náà gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, ó sì tún yí ọrùn rẹ̀.

Mo sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ìrù lẹ́tà j rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ọwọ́ yẹn náà ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù ìkámà mi.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n sọ fún alága pé mo mọ ẹni yìí, kí n sì dìde. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé awò ojú mi, mo nù ún, mo ní ìkọ̀wé náà rún, kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Irọ́ ni. Ó hàn kedere bíi pátákó ojú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo dé Al-Aziziyah. Mo ti rò ó lójú ọ̀nà. Ní ilé wa, bí èèyàn bá máa jẹ́rìí tako ará ilé rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́ lọ. A kì í jẹ́ kí ó gbọ́ ọ níta. Lójú mi, ìwà ọmọlúàbí ni mo ń lọ hù. Òfin inú ìwé tí mo fọwọ́ sí kò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi.

Mùdà wà nídìí ìrẹsì pẹ̀lú àlejò méjì, àwọn àlàájì tó wá ṣe ùmúrà láti ìlú. Àlàájà Rafátù ń bu omi fún wọn.

"Àlàájì," mo ní, "mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ ní yàrá."

"Ọ̀rọ̀ wo ni? Jókòó, jẹun."

"Ẹ jẹ́ ká dìde díẹ̀."

"Ọmọ ìlú ni gbogbo wa. Kò sí àjèjì níbí. Sọ ọ́ níbí."

Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rò pé owó ni mo fẹ́ yá, ó sì fẹ́ kí àwọn àlejò rí i bí òun ṣe lawọ́ tó. Nítorí náà, mo sọ ọ́. Mo ní fáìlì Sìdíkátù wà lọ́wọ́ wa, mo ti ka ìlà tó fi èdè wa kọ, wọ́n á bi mí ohun tó jẹ́, n kò sì ní lè purọ́. N kò parí rẹ̀ kí omijé tó gba ojú mi.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́, ìka kan tẹ̀lé ìka kan.

"Àwọn mìíì ò lè kà á?"

"Wọn ò lè kà á."

"Sọ pé ẹ̀fọ́rí ni. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi, Ẹ̀gbọ́n."

"Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Mẹ́rìndínlógún ni mo fọwọ́ kàn kó tó di ọ̀sán. Mò ń kọ ọ́, mi ò gbọ́ ohun tí mò ń kọ." Lẹ́yìn náà ló wò mí. "O sun pálọ̀ mi fún oṣù méjì. Níbi tó o jókòó sí yẹn gan-an."

Àlàájà Rafátù kúnlẹ̀. "Dókítà, ìkámà àwa àti ọmọ, abẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ ló wà."

Mo kúrò níbẹ̀ láìjẹun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo túmọ̀ ìlà náà fún ìgbìmọ̀ bó ṣe wà, mo sì kọ ìtumọ̀ náà sílẹ̀. Samir fọwọ́ bojú. Wọ́n dá ilé ìwòsàn náà lẹ́bi, wọ́n gba ìwé àṣẹ Mùdà fún ọdún kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú Sìdíkátù. Mo rò pé ó ti parí.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìwé pè mí. Mùdà ti pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Kì í ṣe lórí ohun tí mo sọ nínú ìgbìmọ̀, nítorí ìyẹn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Orí ohun tí mo sọ ní pálọ̀ rẹ̀ ni. Ó ní mo wọ ilé òun, mo bú òun níwájú àlejò, àwọn àlejò sì gbé e dé ìlú, kò sì sí ẹni tó tún fẹ́ bá òun dòwò pọ̀ níbẹ̀.

Mo sáré lọ bá Dókítà Hanan. Ó gbọ́ mi tán kí ó tó sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

"Ohun tí ẹ sọ nínú yàrá, odi wà yí i ká. Ohun tí ẹ sọ nídìí ìrẹsì, ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Àṣà wa ni kí èèyàn kọ́kọ́ sọ fún ẹni náà."

"Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ àṣà yín sínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí." Ó ní kí n kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ níbẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀.

Jìnnìjìnnì tó bò mí ní ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò ní irú rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà náà. Bí ẹjọ́ bá dá mi lẹ́bi, ìkámà mi lọ, wọn á sì dá mi padà sílùú tí wọ́n ti ń pè mí ní ẹni tó ta ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé ní mọ́sálásí wa nílùú, àwọn kan kì í dá òun lóhùn mọ́ bí òun bá kí wọn. N kò ní ibì kan mọ́, kò sí níbí, kò sí lọ́hùn-ún.

Ọkùnrin tó gbọ́ ẹjọ́ náà kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Àwọn àlejò méjèèjì ti padà sí Nàìjíríà. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí Mùdà mú wá ni ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi híjáàbù dúdú bora, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n bi í ohun tí mo ṣe nínú ilé wọn, èdè Lárúbáwá ọjà tó kọ́ nídìí ata àti tòmátì ló fi dáhùn.

"Ó ní kí ọkọ mi jẹ́ kí wọ́n lọ sí yàrá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ló ní kó sọ ọ́ níbẹ̀. Kò bú u. Ó ń sunkún ni."

Mùdà yíjú sí i. N kò rí ojú ènìyàn kankan bẹ́ẹ̀ rí kí ọjọ́ náà tó dé. Kò bínú. Ó dàbí ẹni tí ilẹ̀ ilé ara rẹ̀ yọ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí a tó jáde, ó ti ní òun gba ẹjọ́ náà padà.

Mo bá obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, Dókítà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wò wá," ó ní. "Wọ́n fún ẹ̀yin ní ìwé tó ń gbèjà yín, ẹ ò dúró sínú ẹ̀. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò fún níwèé, ilé rẹ̀ ni mò ń padà sí báyìí."

Ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ tó dúró dè é nínú oòrùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó ṣe òfin náà ronú jinlẹ̀: wọ́n mọ̀ pé bí oníṣẹ́ bá ń bẹ̀rù, ọrùn aláìsàn ni yóò san án. Wọ́n fi odi yí ẹnu wa ká kí a lè lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà mí là kò sí nínú odi kankan.

Ọdún yẹn náà ni Mùdà kó ilé rẹ̀ padà sílùú. Kò gbé fóònù mi rí. Ní àárọ̀ òní, mo jókòó ka àwa tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Samir ti kú, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú oorun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kú, wọ́n sì kírun sí i lára ní mọ́sálásí tí wọn kì í ti í dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò méjèèjì ti kú, n kò mọ èyí tó jẹ́. Mùdà ti kú, ó pé ọdún méjì nínú oṣù tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ní nígbà tí àìsàn rẹ̀ le, Mùdà bi òun bóyá lóòótọ́ ni ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí Sìdíkátù sọ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mùdà ní, "Ó kéré tán, mo kọ ọ́," ó sì yíjú sí ògiri. Dókítà Hanan wà láàyè, ó ti fẹ̀yìn tì. Sìdíkátù wà láàyè, ní ìlú ìyá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń ro ọbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ti lè di ìkòkò mú. Àlàájà Rafátù wà láàyè, ó máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó sì máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà lọ́dọ̀ mi tó ń gbọ́ wa. Èmi náà wà.